Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Ẹlẹ́rìí Ni Tàbí Adájọ́?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kò dùn ún sọ, nítorí pé àwa gan-an ni a jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn.

Arábìnrin kan wà láàárín wa ní Òkèhò níbí tí ó ń ta èlùbọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí a sọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Ìbàdàn ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara, bí kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé lọ́jọ́ kejì. Nọ́ńbà ni ó kún inú ìwé náà. Níbi tí wọ́n ti ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, wọ́n kọ 3.1, wọ́n sì fi lẹ́tà L sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ó lọ sílẹ̀, nítorí pé láti 4 dé 11 ni ìwé náà kà sí déédéé. Dókítà kò sí ní ìjókòó lọ́jọ́ náà. Ó mú ìwé náà wálé, ó fi han ọmọ aládùúgbò kan tí ó ti jáde ìwé gíga. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, “Màmá, ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà ló ń tán lọ lára yín.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wa. A sì ṣe ohun tí a rò pé ó dára jù lọ. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, a dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, a ní kí gbogbo wa dìde kí a gbàdúrà fún arábìnrin wa nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó wí pé HIV. Kò sì sí ẹnikẹ́ni tí kò gbọ́ HIV.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ. Níbi ìkómọ kan tí a jọ lọ, abọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un dá wà, kò sí ẹni tí ó bá a fọwọ́ bọ̀ ọ́. Òun náà sì dáwọ́ wíwá sí ìpàdé dúró. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ti bi í léèrè pé kí ni dókítà wí.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó jẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí, a sì ti dá a kí a tó gbọ́ ẹnu ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: nígbà tí ìwé àyẹ̀wò bá wí pé nǹkan kan kò rí bí ó ti yẹ, ṣé adájọ́ ni ó jẹ́, tàbí ẹlẹ́rìí? Bí ó bá sì jẹ́ ẹlẹ́rìí, báwo ni ó ti yẹ kí a gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀?

Ibi tí “déédéé” ti wá

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rí ìwọ̀n tí wọ́n kà sí déédéé. Wọn a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le jọ, wọn a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọn a sì to nọ́ńbà wọn láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó pọ̀ jù. Nínú gbogbo 100, wọn a mú 95 tí ó wà láàárín, wọn a ní èyí ni déédéé. Àwọn márùn-ún tí ó kù, tí díẹ̀ wà lókè tí díẹ̀ wà nísàlẹ̀, bọ́ síta. Ẹ rántí pé ara àwọn márùn-ún yìí le. Bí oníbàtà bá rán bàtà tí yóò ba obìnrin 95 mu nínú 100, kò wí pé ẹsẹ̀ àwọn márùn-ún tí ó kù ń ṣàìsàn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá yẹ ohun 20 wò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ọ̀kan nínú wọn bá jáde pẹ̀lú lẹ́tà H tàbí L.

A tún gbọ́dọ̀ béèrè pé: àwọn wo ni wọ́n kó jọ? Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀n tí ó wà lára ìwé àyẹ̀wò wa, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Àmì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Duffy. Púpọ̀ jù lọ nínú àwa ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, kò ní in lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Ní 1976, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìní rẹ̀ yìí ni ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ irú ibà kan tí kòkòrò vivax ń fà. Ní 2009, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ohun kan náà ni ó mú kí irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan dín nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú, láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣàìsàn, láìjẹ́ pé àrùn tètè ń mú wọn ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tí ìwé pè ní àléébù lè jẹ́ ogún tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa.

Nọ́ńbà kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀

Àwọn tí ó ti lóyún rí láàárín wa mọ PCV. Bí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tíńrín, tí ẹ̀rọ sì yí i bírí, èyí tí ó pupa a lọ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ a dúró lókè. Bí a bá pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà 100, iye ọ̀nà tí ó pupa ni PCV. Obìnrin tí kò lóyún, ó yẹ kí tirẹ̀ tó 36. Aboyún, bí ó bá tó 33, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni kò ní kọminú, nítorí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń pọ̀ sí i ju bí èyí tí ó pupa ti ń pọ̀ lọ. Nítorí náà, 34 lára ìwọ tí o kò lóyún jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a wádìí, 34 lára aboyún oṣù mẹ́fà sì lè máà jẹ́ nǹkan kan. Nọ́ńbà kò yí padà o. Ẹni tí ó ni ín ni ó yàtọ̀.

Ẹ tún wo ti ṣúgà. Wọ́n ní kí a má fi oúnjẹ kan ẹnu láti alẹ́, ṣùgbọ́n a mu ẹ̀kọ gbígbóná tí a fi ṣúgà sí kí a tó jáde nílé, a kò sì sọ fún ẹni tí ó gba ẹ̀jẹ̀ wa. Nọ́ńbà yóò ga, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ni ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a pẹ́ nínú ìgò nínú ooru kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, ṣúgà inú rẹ̀ a sì dín kù. Ìwọ̀n pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Ní ilé àyẹ̀wò kan wọn a kọ 126, ní òmíràn wọn a kọ 7, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, bí ìgbà tí ẹnì kan fi kóńgò wọn gàrí tí ẹnì kejì fi àpò wọ̀n ọ́n. A ti rí ìyá tí ó sunkún nítorí pé tirẹ̀ jẹ́ 110 nígbà tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8, kò sì mọ̀ pé ti ọ̀rẹ́ òun ni ó ga jù. Nígbà tí ó bá tilẹ̀ dé 126 láìjẹun láti alẹ́, bí kò bá sí àmì àìsàn kan lára onítọ̀hún, dókítà yóò tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kí ó tó pè é ní ìtọ̀ ṣúgà.

Mélòó nínú wa ni wọ́n ti wí fún pé ó ní táífọ́ọ̀dù nítorí àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan péré? Ní ilẹ̀ tí kòkòrò yìí ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí pé ó ti bá kòkòrò náà pàdé nígbà kan rí.

Ẹ wo ọ̀nà tí ó ń tọ̀

Ní ti èyí, àwa ọmọ ìjọ Methodist kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a ń kọ́ tuntun, nítorí pé inú ilé wa ni ẹ̀kọ́ náà ti jáde. Láti 1956, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ìjọ wa dá sílẹ̀, tí ó sì ti di ara ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe káàdì tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń fa ìlà láti orí ìwọ̀n kan dé orí èkejì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó gba irú káàdì yìí lò. Ohun tí ó kọ́ àwọn ìyá ni pé ìwọ̀n ọjọ́ kan kò tó láti sọ bí ọmọ ṣe ń ṣe sí. Ìlà náà ni kí wọ́n wò. Ọmọ tí ó kéré ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ ń gòkè lè wà ní àlàáfíà. Ọmọ tí ó tóbi ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ ń wálẹ̀ ni kí a sáré gbé. Bí a bá mọ èyí fún ọmọ wa, èéṣe tí a fi gbàgbé rẹ̀ fún ara wa?

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ lé ẹlẹ́rìí jáde

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dá ìwé kíkà dúró níbí lè wí pé, “Ó tán, ìwé àyẹ̀wò kò já mọ́ nǹkan kan.” Rárá o. Obìnrin mìíràn wà tí a mọ̀, oyún oṣù méje ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ PCV rẹ̀ ní 23. Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀, ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì ní kí ó padà wá. Nígbà tí ó délé, ó ní òun kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù, ó ká ìwé náà sínú ìwé orin rẹ̀, kò padà síbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà kò pọ̀ ju ti obìnrin mìíràn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní lára kò tó èyí tí ènìyàn lè pàdánù. Lóru ni wọ́n gbé e kúrò ní Òkèhò, wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri títí dé Ìṣẹ́yìn. Ọlọ́run yọ ọ́, ọmọ náà sì yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni ó fi wà pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tí ń ké pè é láti inú ìwé orin.

Ẹ wò ó bí àwọn obìnrin méjèèjì yìí ti rí. Ti àkọ́kọ́, àwa sọ ìwé di adájọ́. Ti èkejì, òun lé ẹlẹ́rìí jáde kúrò ní kóòtù. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni ó bí méjèèjì: ìbẹ̀rù tí kò jẹ́ kí a béèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn kan lè bi wá pé, ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn máa tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò? A kò rò bẹ́ẹ̀. John Wesley fúnra rẹ̀ ṣí ibi tí àwọn tálákà ti ń gba oògùn ní London ní 1746, ó sì tẹ ìwé ìwòsàn jáde ní 1747, kò sì dẹ́kun àdúrà. Ìgbàgbọ́ tí ń bẹ̀rù òtítọ́ kò tíì dàgbà. Bí Ọlọ́run bá ni ara wa, Òun náà ni ó ni ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, mímọ̀ rẹ̀ kò sì lè bí I nínú.

Ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà?

Èyí tí ó dùn wá jù lọ nìyí. Nígbà tí arábìnrin wa rí dókítà nígbẹ̀yìn, dókítà bi í léèrè bí ara rẹ̀ ti ń ṣe, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà kà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n yẹ HIV wò. Ó gbà. Kò ní HIV. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ sì tún jẹ́ 3.2. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a gbọ́, inú wa dùn, a fẹ́ dúpẹ́ ní gbangba. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ni ó dá wa dúró. Ó ní, “Ẹ dákẹ́ ná. Ká ní ó ní i ńkọ́?”

Gbogbo wa dákẹ́. Nítorí pé ká ní ó ní i, ohun tí a ṣe kò bá di rere. HIV kì í gba inú èlùbọ́ ran ènìyàn, kì í gba inú abọ́, kì í gba ara àga. Kódà, ìlànà ni pé a kì í fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo sọ pé ènìyàn ní i. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi oríṣi mìíràn tún un yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Òfin Ìlera ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2014 sọ ọ̀rọ̀ ara aláìsàn di àṣírí. Ní ọdún kan náà ni òfin mìíràn de ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí HIV. Òfin ìjọba ti mọ̀ ju àwa tí à ń jọ́sìn lọ.

Ẹ rántí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ nínú Máàkù orí karùn-ún. Ọdún méjìlá ni ó fi jìyà. Jésù kò kéde àrùn rẹ̀ fún èrò. Ó béèrè, ó sì dúró títí obìnrin náà fi fẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́. Orúkọ tí Ó sì fi pè é lẹ́yìn náà kì í ṣe orúkọ àrùn. Ọmọbìnrin ni Ó pè é.

Ọmọ Òkèhò wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé tí ó kọ ní 1991 lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ṣàlàyé pé ara, ọkàn, ẹ̀mí àti orí ni Yorùbá rí lára ènìyàn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ara nìkan ni abẹ́rẹ́ lè gba ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Báwo ni ìwé kan yóò ṣe wá sọ fún wa ẹni tí arábìnrin wa jẹ́?

Ohun tí a pinnu

Ẹgbẹ́ wa ti fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan wọ̀nyí, a sì rọ ẹ̀yin náà láti gbé wọn yẹ̀ wò:

1. A kì yóò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún àdúrà nítorí àìsàn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ní H tàbí L kò ní mú un lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, bí kò ṣe sọ́dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bí ó bá fẹ́ ẹni tí yóò bá a lọ, ẹnì kan nínú wa yóò bá a lọ, yóò sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

3. Ìbéèrè márùn-ún ni kí a bi dókítà: Kí ni ohun tí ẹ wọ̀n yìí ń ṣe nínú ara? Báwo ni tèmi ti jìnnà sí déédéé tó? Ṣé oyún, oúnjẹ, ibà tàbí oògùn tí mo ń lò lè fà á? Ṣé kí a tún un yẹ̀ wò, nígbà wo? Àmì wo ni bí mo bá rí i kí n tètè padà wá?

4. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé àyẹ̀wò yín sínú àpò kan, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, kí dókítà lè rí ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Ẹ má ká a sínú ìwé orin.

5. Bí wọ́n bá ní kí a padà wá, kí a padà. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Ní ti arábìnrin wa, a lọ sí ilé rẹ̀, a kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì. Kò tètè dáhùn. Ó ní òun ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n kí a má rò pé ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde lẹ́nu ṣeé kó padà, nítorí pé àwọn oníbàárà kan wà tí wọn kò padà di òní olónìí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó ti padà sí ìpàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé èyí kò san gbèsè náà tán.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti béèrè kí a tó sọ̀rọ̀, kí Ó sì fún wa ní ẹnu tí ń pa àṣírí mọ́. Àmín.